Ọ̀rá

Dókítà wo ìwé, ó wo ikùn mi,
ó ní, "Màmá, ẹ máa rìn. Ọ̀rá yìí ti pọ̀ jù."
Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o,
èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún jókòó ti ìwé ọmọ ọlọ́mọ,
mo ra bàtà aláwọ̀ ewé ní Ọjà Ọba,
mo ń jí lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní Báṣìrì
kí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí Òkè Ayọ̀ba.

A pọ̀ níbẹ̀.
Olóyè Fámúágùn ló ń fọn fèrè níwájú,
"Òsì! Ọ̀tún! Òsì!" bí ẹni pé ogun ń bọ̀ láti Ìkéré.
Àwọn ìyàwó ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tòun ti fóònù lọ́wọ́,
ọkùnrin kan tó ń gbàdúrà tó ń sáré,
tí àmín rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Koríko tí òjò gbìn, àtẹ́lẹsẹ̀ wa ti fá a lórí;
ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méje ló gba àárín pápá kọjá,
kò sí ẹni tó là á.

Nínú oṣù Bélú ni mo kọ́kọ́ rí i,
ẹyẹ kín-ń-kín, àyà rẹ̀ bí ìyeyè tó pọ́n,
ìrù rẹ̀ kì í sinmi, sókè, sísàlẹ̀, sókè,
bí bírò mi lórí ìdánwò ọmọ tí kò kàwé.
Ìyá mi àgbà ní Ìlawẹ̀ a máa pè é ní àlejò ọyẹ́.
"Ẹ mọ́ lé e," ni wọ́n á wí, "ọ̀nà rẹ̀ jìn."
Mo rò pé ẹnu àgbà lásán ni.

Ọmọbìnrin kan máa ń jókòó sábẹ́ igi tíìkì,
Ọmọladùn lorúkọ rẹ̀, ó wá láti Yunifásítì,
awò awọ̀nàjíjìn so mọ́ ọn lọ́rùn.
Mo bi í pé kí ló ń kà. Ó ní,
"Iye ìgbà tí ó fò ni, mà.
Láti aago mẹ́fà, ìgbà mọ́kànlélógójì.
Ẹ̀yin nìkan lẹ lé e ní mẹ́sàn-án."
Èmi? Èmi tí n ò sọ òkúta?
"Ẹ kàn ń kọjá ni, mà. Ìyẹn náà tó."

Ó ní bí Ẹrẹ́nà bá ń lọ, ẹyẹ náà á padà sókè,
á gba orí Kánò, á gba aṣálẹ̀ tí kò lómi tí kò ní igi,
á gba orí òkun lọ sí ìlú tí yìnyín ti ń yọ́.
Kò gbé ẹrù, kò ní oúnjẹ lápò,
àfi ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ara rẹ̀,
bóyá ló wọ̀n ju kọ́bọ̀ àtijọ́ méjì lọ.
Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló fi ń kó o jọ
bí ẹni ń dá èésú.
Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá sì lé e dìde,
ó yọ nínú owó náà ná.

Mo jókòó.
Bàtà mi tutù fún ìrì.
Ọ̀rá tí dókítà ní kí n yọ́ dànù
ni ẹyẹ ń wá, tí mo ń gbà lẹ́nu rẹ̀,
kò sì sí bí mo ṣe lè gé tèmi fún un.

N ò ní parọ́ pé ayé yí padà.
Mo sọ fún Olóyè; ó rẹ́rìn-ín, fèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́,
"Ṣé torí ẹyẹ ni ká fi rọpárọsẹ̀, Màmá Tíṣà?"
Ó jàre díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa àbúrò rẹ̀ léṣìí.
Ọmọladùn fi igi àti okùn yí igun kan ká létí odò;
nígbà tó fi di Sátidé, ẹnìkan ti sá aṣọ sí i.

Èmi ti kúrò lórí koríko. Etí títì ni mò ń gbà,
nínú eruku, nínú èéfín ọ̀kadà,
òpó iná ni mò ń kà dípò igi.
Lánàá, mo dúró lẹ́yìn wáyà, mo yọjú wọnú.
Ó wà níbẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan. Ó jẹ èkejì.
Mo mú èémí mi dání
títí ó fi jẹ ẹ̀kẹta,
kí fèrè tó dún.